Aago Onínọ́ńbà Tó Ń Lo Sólà: Ohun Tó Yẹ Kí Ẹ Wò Kí Ẹ Tó Sanwó

Ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra aago ọwọ́ onísólà gbà pé owó bátìrì làwọn fẹ́ dín kù. Ẹ jẹ́ ká ṣírò ọ̀rọ̀ náà wò. Casio F-91W, aago rọ́bà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ tí kì í wọ́n yẹn, ń lo bátìrì kan fún nǹkan bí ọdún 7. Bátìrì méjì péré ló máa jẹ láàárín ọdún 14, owó bátìrì méjì kò sì sún mọ́ iye tí aago onísólà tó dáa fi wọ́n jù ú lọ. Tó bá jẹ́ owó bátìrì nìkan lẹ ń sá fún, ẹ ra F-91W, kí ẹ fi ìyókù owó ṣe nǹkan mìíràn.

Ohun tí sólà ń ṣe fún yín gan-an ni pé ó ń jẹ́ kí ẹ̀yìn aago wà ní títì fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ìgbàkígbà tí wọ́n bá ṣí ẹ̀yìn aago lórí tábìlì etí títì, eruku á wọlé, òrùka rọ́bà tó ń dènà omi á kúrò láàyè rẹ̀, wọ́n á sì dé e padà láì wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Oṣù kan lẹ́yìn náà, òjò á pa ẹni tó ni ín láti Sábó ní Ilé-Ifẹ̀ níbí délé, ooru omi á sì bo inú gíláàsì. Torí náà, ohunkóhun tó bá ń jẹ́ kó pẹ́ kí wọ́n tó ṣí aago náà, ẹ sanwó fún un. Èyí tí kò bá ṣe bẹ́ẹ̀, ẹ rò ó dáadáa kí owó tó jáde.

Pánẹ́ẹ̀lì àti ìmọ́lẹ̀ tó ń fẹ́

Ẹ gbé aago onísólà súnmọ́ ojú, kí ẹ dà á síbi ìmọ́lẹ̀. Yíká ibi tí nọ́ńbà ti ń hàn, ẹ máa rí ọ̀já dúdú kan tó ń fà sí búráùn tàbí elésè àlùkò bí ìmọ́lẹ̀ bá ṣe bà á. Ìlà tẹ́ẹ́rẹ́ bí irun máa ń pín in sí abala abala. Pánẹ́ẹ̀lì nìyẹn. Iná tí abala kan ń mú wá kò tó fólìtì kan, ìdí nìyẹn tí wọ́n fi ń so púpọ̀ pọ̀. Iná náà ń lọ sínú bátìrì kékeré kan tó ṣeé cháájì, bátìrì yẹn ló sì ń gbé aago, ìbáà jẹ́ ní ọ̀sán gangan tàbí lóru.

Iṣẹ́ náà ti pẹ́ nílẹ̀. Ọdún 1976 ni Citizen ti Japan ti gbé aago ọwọ́ tó ń jẹ ìmọ́lẹ̀ jáde. Nígbà tí G-Shock àkọ́kọ́, aago alágbára ti Casio, jáde lọ́dún 1983, bátìrì lásán ló ń lò. Ó di 1998 kí sólà tó wọ inú rẹ̀. Casio GW-M5610, ọ̀kan lára àwọn G-Shock onísólà, la ó fi ṣe òṣùwọ̀n nínú ìtọ́sọ́nà yìí, torí ìwé ìlò rẹ̀ sọ gbogbo nọ́ńbà rẹ̀ kedere, ọ̀pọ̀ aago onísólà Casio mìíràn sì ń tẹ̀lé ìlànà kan náà.

Kí aago yìí má baà jẹ gbèsè, ohun tó ń fẹ́ lójúmọ́ ni ìṣẹ́jú 5 lójú oòrùn ìta gangan. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé tí oòrùn ń wọlé, ìṣẹ́jú 24. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé lọ́jọ́ tí ìkùukùu bo ojú ọ̀run, ìṣẹ́jú 48. Lábẹ́ iná fluorescent nínú yàrá, wákàtí 8. Ẹni tó bá fẹsẹ̀ rìn láti Lágere dé Mayfair ní ọ̀sán ti fún aago rẹ̀ ní oúnjẹ òòjọ́, àjẹṣẹ́kù á sì wà. Ní oṣù Agẹmọ àti Ògún tí òjò kì í fẹ́ dá, ìmọ́lẹ̀ ìta ṣì ju ohun tí aago náà ń bèèrè lọ. Ọyẹ́ pàápàá kò lè dí i lọ́wọ́, bó ti wù kí eruku bo òfuurufú tó.

Ẹni tó yẹ kó ṣọ́ra ni ẹni tí ìmọ́lẹ̀ kì í kan ọwọ́ rẹ̀. Nọ́ọ̀sì tó ń ṣiṣẹ́ òru, tó ń sùn lọ́sàn-án nínú yàrá tí kọ́tìnnì dí. Télọ̀ tó ń ránṣọ nínú ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn, tí kò sí iná NEPA lọ́pọ̀ ọjọ́. Ẹni tó ń wọ bùbá alápá gígùn tàbí agbádá lójoojúmọ́, tí aṣọ bo aago látàárọ̀ ṣúlẹ̀. Fún irú wọn, ẹ jẹ́ kó mọ́ra láti gbé aago sí ojú fèrèsé fún wákàtí méjì mẹ́ta ní ọjọ́ ìsinmi. Ojú aago ni kó kọjú síta, kì í ṣe ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Àgbẹ̀ tó ń ṣiṣẹ́ lábẹ́ igi kòkó kò ní ìṣòro: ìrìn àlọ àti àbọ̀ lójú ọ̀nà oko ti tó.

Bátìrì tó bá kún ń lo nǹkan bí oṣù 10 bí wọ́n bá ń lo aago déédéé láìtún rí ìmọ́lẹ̀. Ẹ kíyè sí ohun tí wọ́n pè ní déédéé níbẹ̀: kí wọ́n tan iná ojú aago lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́ fún ìṣẹ́jú-àáyá kan ààbọ̀, kí aláàmù sì dún lẹ́ẹ̀kan fún ìṣẹ́jú-àáyá 10. Ọlọ́dẹ tó ń tan iná aago nígbà 40 lóru ti kúrò nínú ìṣirò yẹn pátápátá. Bí ẹ bá ń tan iná léraléra láàárín àkókò kúkúrú, iná àti aláàmù lè kọ̀ láti ṣiṣẹ́ fún ìgbà díẹ̀. Kò bà jẹ́. Bátìrì ló ń mí. Ẹ fi sílẹ̀, á padà fúnra rẹ̀.

H, M, L

Àwọn lẹ́tà mẹ́ta yìí ni ẹ fi ń mọ bí bátìrì ṣe rí. H ni pé ó kún. M ni pé ó ṣì dáa, gbogbo iṣẹ́ ń lọ. Tí L bá ti ń ṣẹ́jú, iná ojú aago kò ní tàn mọ́, aláàmù kò sì ní dún, bẹ́ẹ̀ nọ́ńbà ṣì ń hàn. Èyí ló ń mú kí ẹni tó ń fi aago jí fún sààrì tàbí fún àdúrà òwúrọ̀ sùn kọjá àkókò, tó wá ń sọ pé aago òun ti bà jẹ́. Lẹ́yìn L, CHG nìkan ló kù lójú rẹ̀. Tó bá tún rẹlẹ̀ ju ìyẹn lọ, aago á kú pátápátá, á gbàgbé àkókò, ọjọ́ àti gbogbo ètò tí ẹ ṣe sínú rẹ̀.

Ohun tó burú jù lọ fún bátìrì yìí ni kó òfo, kó sì wà bẹ́ẹ̀ nínú dúrọ́ọ̀ fún ọ̀pọ̀ oṣù. Aago tí ẹ kò wọ̀, ẹ má tì í mọ́ inú àpótí. Ẹ gbé e kọ́ ibi tí ìmọ́lẹ̀ yàrá ń dé.

Oorun rẹ̀ náà tún ń da àwọn èèyàn láàmú. Láàárín aago 10 alẹ́ sí aago 6 òwúrọ̀, bí aago bá ti wà lókùnkùn fún ìṣẹ́jú 60 sí 70, ojú rẹ̀ á ṣófo, PS á máa ṣẹ́jú. Àkókò ṣì ń lọ nínú rẹ̀, aláàmù sì máa dún. Ẹ tẹ bọ́tìnnì kan, tàbí kí ẹ gbé e síbi ìmọ́lẹ̀, á jí. Àmọ́ tó bá wà lókùnkùn fún ọjọ́ 6 tàbí 7 léraléra, oorun náà á wọra: aláàmù pàápàá á dákẹ́, àkókò nìkan ló máa ṣì máa kà. Nínú irú oorun bẹ́ẹ̀, bátìrì tó kún lè lò tó oṣù 22.

Oòrùn dáa fún un, ooru kò dáa. Ẹ má gbé aago sórí dáṣíbọọ̀dù mọ́tò tí wọ́n páàkì sójú oòrùn, ẹ má sì gbé e sórí páànù kó lè tètè kún. Bí ooru bá ti sún mọ́ 60°C, ojú rẹ̀ á dúdú pátápátá. Ó sábà máa ń padà bó bá tutù, ṣùgbọ́n bátìrì tó ń gba irú ooru yẹn lójoojúmọ́ máa tètè rẹ̀, ìdí tí ẹ fi ra sólà á sì ti bọ́. Ojú fèrèsé tí atẹ́gùn ń gbà, tàbí ọrùn ọwọ́ yín gan-an, ni ibi tó dára jù láti cháájì.

Rédíò tí kò dé ọ̀dọ̀ wa

Àwọn tó ń ta aago máa ń fi ọ̀rọ̀ Multi Band 6 tàbí Wave Ceptor gbé owó sókè. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé aago náà ń gba àmì rédíò tó ń sọ àkókò gangan lóru, ó sì ń fi tún ara rẹ̀ ṣe. Ibùdó mẹ́fà ló ń fọ́n àmì yìí: méjì ní Japan, ọ̀kan ní Ṣáínà, ọ̀kan ní Fort Collins ní Amẹ́ríkà, ọ̀kan ní Anthorn ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ọ̀kan ní Mainflingen ní Jámánì. Kò sí ẹyọ kan nílẹ̀ Áfíríkà. Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ti Jámánì. Casio sọ pé nǹkan bí kìlómítà 1,500 ni àmì rẹ̀ lè dé. Ilé-Ifẹ̀ jìnnà sí i tó kìlómítà 4,500 ó lé. Ẹ ò ní gbà á lórí òkè, ẹ ò ní gbà á lójú fèrèsé. Ẹni tó bá sọ fún yín pé ó ń wọlé níbí, fóònù ló ń wò.

Ewu kan tún wà níbẹ̀ yàtọ̀ sí owó. Nàìjíríà fi wákàtí 1 ṣíwájú UTC, ìyẹn àkókò tí gbogbo ayé fi ń ṣe òṣùwọ̀n, ọ̀pọ̀ aago yìí kò sì ní ìlú kankan ní Nàìjíríà nínú àkójọ wọn. Ohun tó kù ni kí ẹ mú PAR, ìyẹn Páríìsì, torí wákàtí kan náà ni pẹ̀lú tiwa nígbà òtútù wọn. Ẹ rí i dájú pé DST, ìyẹn ètò yíyí aago síwájú fún ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn wọn, wà ní OFF, torí a kì í yí aago síwájú bíi tiwọn. Tí ẹ bá gbàgbé DST sí ON, aago yín á fi wákàtí kan yára. Àmọ́ bí ẹ bá ti mú PAR, aago náà á gbà pé Yúróòpù lòun wà. Láàjìn, á bẹ̀rẹ̀ sí wá àmì. Kò ní rí i, á tún wá a ní aago 1, ní aago 2, títí di aago 5 ìdájí, lálaalẹ́. Bátìrì ló ń san owó gbogbo wíwá yẹn.

Ẹ pa á. Ní GW-M5610, ẹ fi bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ọwọ́ òsì dé ipò tó ń fi ìgbà tí àmì wọlé kẹ́yìn hàn, kí ẹ tẹ bọ́tìnnì òkè ọwọ́ òsì mọ́lẹ̀ títí ON á fi máa ṣẹ́jú, kí ẹ wá yí i sí OFF pẹ̀lú bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún.

Láìsí rédíò, aago yìí lè yára tàbí kó fà sẹ́yìn tó ìṣẹ́jú-àáyá 15 lóṣù. Ẹ̀ẹ̀kan lóṣù ti tó láti tún un ṣe. Ẹ wo àkókò lórí fóònù tó ń gbà á látọ̀dọ̀ nẹ́tíwọọ̀kì. Ẹ jẹ́ kí ìṣẹ́jú-àáyá máa ṣẹ́jú lójú aago, kí ẹ sì tẹ bọ́tìnnì ìsàlẹ̀ ọwọ́ ọ̀tún ní kété tí fóònù bá kan 00. Tí ìṣẹ́jú-àáyá tó wà lójú aago bá wà láàárín 30 sí 59 nígbà tí ẹ tẹ̀ ẹ́, aago á fi ìṣẹ́jú kan kún ara rẹ̀, ẹ má jẹ́ kó yà yín lẹ́nu. Ọjọ́ àti oṣù kò nílò àtúnṣe títí di 2099.

Ẹni tó bá fẹ́ kí aago máa tún ara rẹ̀ ṣe, irú èyí tó ń fi Bluetooth bá fóònù sọ̀rọ̀, bíi GW-B5600, ni kó ra. Fóònù wà lápò gbogbo wa. Àmì Jámánì kò sí níbí.

Ohun tó yẹ kẹ́ ẹ náwó lé

Omi ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ wò. Ohun tí wọ́n kọ sẹ́yìn aago ló ṣe pàtàkì. Water Resist láìsí nọ́ńbà, òógùn àti ìwọ́ omi nìkan ló lè gbà. 5BAR tó fún fífọ aṣọ àti òjò. 10BAR ni ẹni tó ń lúwẹ̀ẹ́ ń wá. 20BAR, ìyẹn mítà 200, ni ti GW-M5610. Kò sí èyí nínú wọn tí wọ́n ń tẹ bọ́tìnnì rẹ̀ nínú omi.

Ẹ ra èyí tí nọ́ńbà rẹ̀ dúdú lórí ojú tó mọ́lẹ̀. Èyí tí ojú rẹ̀ dúdú, tí nọ́ńbà rẹ̀ funfun, rẹwà lójú àwo ọlọ́jà, àmọ́ nínú yàrá tí ìmọ́lẹ̀ kò tó, ẹ máa ń ní láti tan iná kẹ́ ẹ tó rí i kà, iná yẹn sì ń jẹ bátìrì. Pánẹ́ẹ̀lì fúnra rẹ̀ ti gba lára àyè ojú aago, nọ́ńbà a sì máa kéré díẹ̀ sí ti aago bátìrì. Àgbàlagbà tí ojú rẹ̀ kò mú mọ́ gbọ́dọ̀ dán an wò lọ́wọ́ kó tó sanwó. Bẹ́ẹ̀ ni kí ẹ pa iná aládàáṣe tó ń tàn nígbà tí ẹ bá yí ọwọ́; ó máa ń tàn nígbà tí ẹ kò fẹ́.

Ẹni tó ń rà á fún ọmọ tó fẹ́ ṣe UTME, kó mọ̀ pé JAMB kò gba aago ọwọ́ láàyè nínú gbọ̀ngàn ìdánwò.

Lójú àwo

"Ẹ kú ọjà o, ẹ̀gbọ́n. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n wo ẹ̀yìn ẹ̀."

"Àbúrò, ojúlówó ni. Sólà ni, kì í kú."

"Mo gbọ́, sà. Ṣé ìwé ẹ̀ wà ńbẹ̀?"

Ìwé ìlò yẹn ló máa tú àṣírí. Tó bá sọ pé kí ẹ máa pààrọ̀ CR2016 tàbí CR2025 lẹ́yìn ọdún mélòó kan, aago bátìrì ni, pánẹ́ẹ̀lì ojú rẹ̀ lè jẹ́ àwòrán lásán. Lẹ́yìn aago Casio, nọ́ńbà kan wà nínú àpótí kékeré, bíi 3159. Ẹ tẹ nọ́ńbà yẹn sí ojúlé Casio lórí íntánẹ́ẹ̀tì níwájú ọlọ́jà, ìwé ìlò aago náà á jáde. Ẹ fi wé ohun tó wà lọ́wọ́ yín. Ṣé H, M, L wà lójú rẹ̀? Ṣé bọ́tìnnì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ló ń ṣe ohun tí ìwé sọ? Ayédèrú sábà máa ń ní iná aláwọ̀ púpọ̀, bọ́tìnnì rẹ̀ a sì máa ṣe ohun mìíràn.

Tó bá jẹ́ tòkunbọ̀, ẹ má sá fún L lójú rẹ̀, inú àpótí ló ti ń bọ̀. Ẹ bá ọlọ́jà dá a pé kó gbé e sójú ìmọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì mẹ́ta kí ẹ tó padà wá. Bó bá ṣì wà ní L, bátìrì inú rẹ̀ ti gbó. Ẹ yọ owó bátìrì tuntun kúrò nínú iye tí ẹ máa san, tàbí kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Ọjọ́ tí wọ́n máa ṣí i

Ọ̀pọ̀ bátìrì onísólà ń lo ọdún 10 tàbí jù bẹ́ẹ̀, àmọ́ ọjọ́ náà á dé. Àmì rẹ̀ ni pé aago á kún dé H lọ́sàn-án, á sì já sí L kí ilẹ̀ tó mọ́, lẹ́yìn tí ẹ ti fún un ní oòrùn fún ọ̀sẹ̀ kan gbáko.

Ibi tí àṣìṣe ńlá ti ń wáyé nìyí. Bátìrì GW-M5610 ń jẹ́ CTL1616. Nọ́ńbà 1616 túmọ̀ sí mìlímítà 16 ní fífẹ̀, 1.6 ní nínípọn. CR1616 tó wà lórí gbogbo tábìlì atúnagoṣe tóbi bákan náà gẹ́lẹ́, á sì wọlé wọ́ọ́rọ́wọ́. Àmọ́ fólìtì 3 ni CR1616, wọn kò sì ṣe é fún cháájì. CTL1616 jẹ́ fólìtì 2.3, ó sì ṣeé cháájì. Bí CR bá wà nínú aago onísólà, pánẹ́ẹ̀lì á máa ti iná mọ́ ọn. Aago á ṣiṣẹ́ dáadáa fún ìgbà díẹ̀, ìdí nìyẹn tí ẹnikẹ́ni kì í tètè fura, lẹ́yìn náà bátìrì á wú, á jo omi sórí bọ́ọ̀dù, ó tilẹ̀ lè bú. Ẹ wá CTL1616 fúnra yín, kẹ́ ẹ mú un lọ́wọ́ lọ bá atúnagoṣe. Bí ẹ bá mú un dání lọ, kò sí ìdí tí á fi fi òmíràn rọ́pò.

Kí ẹ sì dúró tì í bó ṣe ń ṣe é. Síkúrù mẹ́rin kékeré ló wà lẹ́yìn. Kó kó wọn sínú ìdérí kan, wọ́n ń yí sọnù. Bí ìdérí irin bá ṣí, sípíríǹgì tín-ń-tín kan wà tó ń gbé ohùn aláàmù lọ síbi ìdérí. Bó bá já bọ́ tí wọn kò rí i, aago á máa ṣiṣẹ́ ṣùgbọ́n kò ní dún mọ́. Kó yọ òrùka rọ́bà, kó fi aṣọ tí kò ní ìhùùhù nù ún, kó fi gíríísì sílíkónì díẹ̀ pa á, kó sì tò ó padà sínú ojú ihò rẹ̀ láìyí. Bí rọ́bà náà bá ti fẹ̀ tàbí tó ti sán, kó pààrọ̀ rẹ̀.

Lẹ́yìn tí bátìrì bá ti wọlé, kí ìdérí tó padà, ẹ wá ibi tí wọ́n kọ AC sí lórí ẹ̀rọ inú rẹ̀. Ẹ fi tíwísà irin kan ibẹ̀ àti ẹ̀yìn bátìrì pọ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 2. Bí wọn kò bá ṣe èyí, ojú aago lè máa fi nǹkan tí kò yé ẹnikẹ́ni hàn, wọ́n á sì sọ fún yín pé aago ti kú. Kí wọ́n wá fi síkúrù mẹ́rẹ̀ẹ̀rin mú un ní ìdojúkọ, ọ̀kan lápá òsì, ọ̀kan lódìkejì, láì fi agbára fún wọn.

Ẹ tún PAR ṣe, DST sí OFF, gbígba àmì sí OFF. Ẹ gbé e sójú fèrèsé títí M á fi hàn, kí ẹ tó wọ̀ ọ́ jáde.